Kòtò Tó Jìn Lójú Ẹ̀rọ

Àbúrò mi obìnrin kì í jẹun níbi tí ẹnì kan bá ti fi ọwọ́ nu imú. Láti kékeré ló ti rí bẹ́ẹ̀. Bí o bá fi ẹnu kan ife rẹ̀, ìwọ lo ni ife náà láti ọjọ́ yẹn lọ. Ìyá wa, tí wọ́n ṣe alágbàfọ̀ ní ilé ìwòsàn ńlá kan títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé owó aṣọ ẹlẹ́jẹ̀ ni àwọn fi tọ́ ọ, òun ló wá ń yan ife bí ọmọ ọba.

Etí rẹ̀ náà kò gba ìgbàkugbà. Bí omi ẹ̀rọ bá ń kán tó, tó, tó nílé kejì, tí àwa yòókù ń bá ọ̀rọ̀ wa lọ, òun á dìde, á lọ kanlẹ̀kùn wọn, á ní kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n tì í. Bàbá wa tó ti lọ ló sọ ọ́ ní Elétíọfẹ́, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára débi pé àwọn kan ládùúgbò kò mọ̀ pé ó ní òmíràn.

Ó lọ sí yunifásítì, ó kọ́ nípa ẹ̀rọ rédíò, ó sì di ẹni tó ń ṣe ampilifáyà. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń gbé síta níbi ayẹyẹ tó ń mi èèyàn láyà o. Tirẹ̀ kò ju páálí ìṣáná lọ. Ìdí áńtẹ́nà ni wọ́n ń dè é mọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gba ohùn tó ti ọ̀nà jíjìn rìn dé, tó ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu, kó gbé e sókè kí àwọn ẹ̀rọ tó wà nísàlẹ̀ tó rí i lò.

Olùkọ́ ọmọdé ni mí, n kò mọ nǹkan kan nípa iná mànàmáná ju kí n tẹ̀ ẹ́ kó tàn lọ. Òun ló ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ó ní kò sí ampilifáyà tí kì í dá ariwo tirẹ̀ sílẹ̀, ṣííí, bí òróró tó ń gbóná nínú páànù. Ariwo tí èyí àkọ́kọ́ bá sì dá sílẹ̀, gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni yóò máa gbé e ga pọ̀ mọ́ ohùn náà, kò sí èyí tó lè yọ ọ́ kúrò mọ́. Ó ní kí n rántí ọjọ́ tí aṣọ pupa kan bọ́ sáàárín aṣọ funfun nínú ọpọ́n àkọ́kọ́ tí Màmá ń fọ̀. Omi mélòó ni wọ́n fi ṣàn án lẹ́yìn náà? Ṣé ó funfun padà?

Mo bi í pé kí ló wá le nínú ká mú kó dákẹ́. Ó ní áńtẹ́nà ní agídí tirẹ̀, tìráńsítọ̀ tó wà nínú ampilifáyà, ohun bíńtín tó ń gbé ohùn náà ga, sì ní tirẹ̀. Agídí ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́ wọn, ìyẹn bí nǹkan ṣe ń ṣe orí kunkun sí iná tó fẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá. Kọ́ìlì kékeré kan, wáyà tí wọ́n wé róbótó róbótó, ló máa ń wà láàárín àwọn méjèèjì tí í bá wọn làjà. Bí èèyàn bá fún kọ́ìlì yẹn pọ̀ tàbí tó fẹ̀ ẹ́ títí agídí méjèèjì fi bára mu rẹ́gí, gbogbo ohun tí áńtẹ́nà bá gbé wá ló máa wọlé, kò ní sí èyí tó máa ta padà. Àmọ́ ibi tí tìráńsítọ̀ ti máa ń dákẹ́ jù lọ kì í ṣe ibẹ̀ yẹn. Ibòmíràn ni. Ẹni tó bá fẹ́ kó dákẹ́ gbọ́dọ̀ gbà kí díẹ̀ nínú ohùn náà ta padà sẹ́yìn.

Mo ní ta ni yóò gbà láti pàdánù ohùn tó ti rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ní bí ọmọ kíláàsì mi kan tí kì í lè sọ̀rọ̀ sókè bá ń dáhùn ìbéèrè, ṣé máa ní kó pariwo ni àbí máa ní kí àwọn tó kù panu mọ́. Ó yé mi.

Ẹ̀rọ ìwọ̀n kan wà lórí tábìlì wọn tó máa ń fi ohun tó ta padà hàn. Ìlà kan ló máa ń fà lójú rẹ̀. Níbi tí nǹkan kan kò bá ti ta padà, ìlà náà á já wálẹ̀ bíi kòtò. Bí kòtò bá jìn, gbogbo rẹ̀ ló wọlé. Ó dára lójú, ẹnikẹ́ni ló lè nawọ́ sí i. Ti ariwo kò ní àwòrán kankan. Èèyàn á jókòó tì í, á wọ̀n ọ́n, á tún un wọ̀n, nọ́ńbà kan ṣoṣo ló máa rí gbà níbẹ̀.

Òkè ṣọ́ọ̀bù oníbàtà ni ilé-iṣẹ́ wọn wà, yàrá ńlá kan àti kékeré kan. Òórùn gọ́ọ̀mù bàtà máa ń gba àtẹ̀gùn wá sókè, á pàdé èéfín lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń yọ́ láti fi lẹ wáyà mọ́ra, àwọn méjèèjì á sì jọ lọ pàdé òórùn ilé ìtọ̀ tí omi rẹ̀ kì í wá. Àbúrò mi ló ra ìgbálẹ̀ síbẹ̀, òun ló ra oògùn apakòkòrò, òun náà ló sì ń fọ̀ ọ́, nítorí pé kò sí ẹlòmíràn tó rí i pé ó dọ̀tí.

Ọ̀gá ló ni ilé-iṣẹ́ náà. Òun ló kọ́ àbúrò mi ní yunifásítì kó tó fi ìkọ́ni sílẹ̀ lọ dá iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, nígbà tó sì ń wá èèyàn, ọ̀dọ̀ àbúrò mi ló kọ́kọ́ wá. Ẹ̀yin àgbà tó bá ń ka ìwé yìí, ẹ má bínú pé “ó” ni mò ń pè é. Ó jù mí lọ dáadáa, mo sì mọ bó ṣe yẹ kí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé máa sọ̀rọ̀. Ẹnu mi ni kò gbà á mọ́.

Ọ̀pá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n fi ń sún kọ́ìlì, torí pé irin kò gbọdọ̀ kàn án. Ọ̀pá yìí ni Ọ̀gá fi máa ń họ ihò etí. Á tì í wọlé, á yí i bí ẹni ń yí kọ́kọ́rọ́, á fà á jáde, á gbé e sí ìmọ́lẹ̀, á wò ó tìfẹ́tìfẹ́, á fi nu ṣòkòtò, á dá a padà sórí tábìlì. Ẹnì kejì tó tún wà níbẹ̀ ni ọkùnrin tó ń bá wọn tajà, tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́nu-Dùn. Òun ní tirẹ̀, ẹ̀mú kékeré tí àbúrò mi fi ń mú tìráńsítọ̀ ló fi máa ń yọ ẹran láàárín eyín. Àbúrò mi ra ẹ̀mú mìíràn, ó tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀. Ẹlẹ́nu-Dùn bínú, ó ní kí ló dé tó ń ṣe bí ẹni pé àwọn ń ṣàìsàn.

Síbẹ̀ àbúrò mi fẹ́ràn Ọ̀gá. Ó ní nígbà tí Ọ̀gá wà lẹ́nu ìkọ́ni, ọkùnrin náà lè dúró níwájú pátákó kó máa sọ̀rọ̀ nípa ariwo títí omijé á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú rẹ̀. Òun ló kọ́ ọ pé kó kọ́kọ́ wá ibi tó dákẹ́, kó tó wá ibi tó rẹwà. Nítorí ìyẹn ló ṣe ń fojú fo etí àti ọ̀pá.

Iṣẹ́ ńlá kan wọlé. Ilé-iṣẹ́ tó ń wo ojú ọjọ́ ló gbé e wá. Àràárọ̀ ni wọ́n máa ń fi bàlúùnù ràgàjì kan sílẹ̀ láti orí òkè tó wà lẹ́yìn ìlú. Rédíò kékeré kan á so rọ̀ mọ́ ọn nísàlẹ̀, á máa ròyìn bí òtútù ṣe pọ̀ tó àti ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ gbà bó ṣe ń gòkè, títí bàlúùnù náà á fi bẹ́. Bátìrì rẹ̀ kò ju ti tọ́ọ̀ṣì lọ. Bó bá ti jìnnà, ohùn rẹ̀ á dà bíi ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ ìrọ̀rí. Wọ́n fẹ́ ampilifáyà tuntun fún gbogbo ibi tí wọ́n ti ń fi bàlúùnù sílẹ̀.

Àbúrò mi jókòó ti iṣẹ́ yìí bí ìyá ṣe ń jókòó ti ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá. Ọjọ́ tó rí ibi tí tìráńsítọ̀ náà ti dákẹ́ gan-an, ó yà sílé mi, ó jẹun, ó gba ẹran kún un, inú rẹ̀ sì dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé ife mi ló gbé tó fi mu omi. Kò tiẹ̀ kíyè sí i. Èmi náà kò sọ ọ́.

Ẹni tí ilé-iṣẹ́ ojú ọjọ́ rán wá yẹ iṣẹ́ náà wò ni gbogbo wọn ń pè ní Alábẹ̀wò. Bàtà rẹ̀ ń dán, ó sì máa ń wo ilẹ̀ dáadáa kó tó gbé ẹsẹ̀ lé e. Ó wo ojú ẹ̀rọ ìwọ̀n. Ó ní kòtò yìí kò jìn. Àbúrò mi fẹ́ ṣàlàyé fún un pé òun mọ̀ọ́mọ̀ gbà kí díẹ̀ ta padà ni, àmọ́ ọkùnrin náà ti ń sọ̀rọ̀ lọ, ó ní níbòmíràn tí òun dé, kòtò tiwọn lọ kanlẹ̀ ni. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó ní kó fọkàn balẹ̀, wọ́n á gbẹ́ ẹ sí i.

Àbúrò mi rò pé Ọ̀gá kàn ń fi ọ̀rọ̀ dídùn lé e lọ ni. Nígbà tí àlejò ti lọ, ó rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá ní kó tún kọ́ìlì náà sún kí kòtò lè jìn. Àbúrò mi ní ariwo máa pọ̀ sí i. Ọ̀gá ní òun mọ̀.

“Ọkùnrin yẹn ò ní etí,” Ọ̀gá sọ fún un. “Ojú ló ní. Gbẹ́ kòtò fún ojú rẹ̀, kó jẹ́ ká ríṣẹ́ ṣe.”

Àbúrò mi ní ọ̀nà kan wà tí èèyàn fi lè ní méjèèjì. Bí wọ́n bá fi wáyà bíńtín sí ẹsẹ̀ tìráńsítọ̀ tó kanlẹ̀, ibi tí agídí ti bára mu àti ibi tó ti dákẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í sún mọ́ra. Àmọ́ ó máa ń jẹ nínú agbára ampilifáyà, bó bá sì pọ̀ díẹ̀ jù, ampilifáyà náà á bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé fúnra rẹ̀. Ó gba sùúrù. Ó bẹ Ọ̀gá pé kó fún òun láyè díẹ̀. Ọ̀gá ní òun ti ṣèlérí ọjọ́, kò sí àyè. Àbúrò mi ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, ọwọ́ òun kọ́ ló máa sún kọ́ìlì yẹn. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ sílé.

Nígbà tó dé lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti sún un. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ẹni tó ṣe é. Nígbà tó gbé bọ́ọ̀dù tí wọ́n to ampilifáyà náà lé sábẹ́ awò tó ń sọ nǹkan di ńlá, ó rí nǹkan pupa rẹ́súrẹ́sú kan tó lẹ̀ mọ́ ara kọ́ìlì. Ìdọ̀tí etí ni. Ó ní òun jókòó, òun ń wò ó, ó ga bí òkè nínú awò náà.

Alábẹ̀wò padà wá. Kòtò ti kanlẹ̀. Ó fi ìka rẹ̀ tọ ìlà náà sísàlẹ̀, ó ń mi orí pé ó dára. Lẹ́yìn náà ló wá bi wọ́n, bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí, pé ti ariwo ńkọ́. Ọ̀gá dáhùn láìmikàn pé kò yí padà rárá, bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ ló ṣe wà. Àbúrò mi dúró síbẹ̀ pẹ̀lú wáyà lọ́wọ́. Ó ní òun ń retí kí Ọ̀gá má lè wo ojú òun. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá wò ó. Ó wò ó, ó sì ṣẹ́ ojú kan sí i, bí àwọn ọmọdé tó jọ jí ṣúgà lá.

Àbúrò mi lọ sí ilé ìtọ̀ yẹn, ó bì. Nígbà tó ń sọ ọ́ fún mi, mo ní ibẹ̀ tó ohun tí èèyàn lè bì sí lóòótọ́. Ó ní òun ti fọ̀ ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

N kò lè sọ pé mo mọ ìdí tí kò fi sọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó ní ẹnu òun wúwo. Ẹni tó kọ́ ọ ní nǹkan ni, ó sì dà bí ẹni pé òun fẹ́ tú bàbá òun síhòòhò lójú àlejò. Ó ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń bọ̀, ó dákẹ́. Wọ́n kó àwọn ampilifáyà náà lọ, wọ́n dè wọ́n mọ́ áńtẹ́nà káàkiri. Òjò bẹ̀rẹ̀.

Bí òjò ṣe ń le sí i ni ẹ̀sùn bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Bàlúùnù ń sọnù. Á gòkè tán, kò tíì dé ìdajì ọ̀nà, wọn ò ní gbúròó rẹ̀ mọ́. Ẹlẹ́nu-Dùn ló lọ bá wọn ṣèpàdé. Nígbà tó dé, ó jókòó sórí tábìlì àbúrò mi pẹ̀lú búrẹ́dì àti ẹja díndín lọ́wọ́, epo ń kán sórí bọ́ọ̀dù, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti yanjú rẹ̀. Òun sọ fún wọn pé ẹ̀bi àwọn tó ń fi bàlúùnù sílẹ̀ ni, pé bóyá wọn kì í dúró kí bátìrì gba iná dáadáa. Wọ́n gbà á gbọ́. Obìnrin kan tó wà lórí òkè ni wọ́n máa gbé kúrò níbẹ̀. Ọ̀gá tó dúró lẹ́nu ọ̀nà mi orí sí i, ó sì ní kí àbúrò mi lọ síbẹ̀ lọ́la, kó gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n dání, kó lọ fi hàn wọ́n pé kòtò ṣì jìn.

Ó lọ. Òun fúnra rẹ̀ fẹ́ lọ.

Obìnrin náà ni wọ́n ń pè ní Ìyá Oníbàlúùnù. Àgbàlagbà ni; mo ń pè é ní “ó” kó má bàa pò mọ́ àwọn “wọ́n” tó fẹ́ gbé e kúrò nìkan ni. Ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà débi pé bó ṣe ń mú okùn bàlúùnù dà bí ẹni ń mú ọmọ lọ́wọ́ sọdá títì. Kò fi ìbínú gba àbúrò mi. Ó fún un ní àga. Ó ní wọ́n ti sọ fún òun pé ibi tí wọ́n ń kó ìwé àtijọ́ sí ni òun ń lọ, lábẹ́ ilé, níbi tí kò ti sí fèrèsé. Lẹ́yìn náà ó fi bàlúùnù ọjọ́ yẹn sílẹ̀, ó gbé íápíìsì ńlá kan fún àbúrò mi pé kó fi há etí.

Rédíò kékeré náà ń dún bí ẹyẹ tó ń ké léraléra. Bó ṣe ń gòkè, ariwo ṣííí bẹ̀rẹ̀ sí í bò ó, bí omi ṣe ń bo òkúta. Nígbà tó yá, àbúrò mi kò gbọ́ nǹkan kan mọ́ àfi ariwo. Ó mọ ariwo yẹn. Ó mọ ibi tó ti wá.

“Mo máa ń gbọ́ ọ títí dé ibi tó ti ń bẹ́ tẹ́lẹ̀,” Ìyá Oníbàlúùnù sọ. “Ṣé èmi ni mo ba nǹkan jẹ́, ọmọ mi? Sọ fún mi. Mi ò ní bínú.”

Àbúrò mi ní rárá, Màmá, ẹ̀yin kọ́.

Ó gun àkàsọ̀ lọ sí ìdí áńtẹ́nà, níbi tí wọ́n de àpótí ampilifáyà náà mọ́, ó ṣí i. Ó ní ọ̀pá rọ́bà tirẹ̀ lọ́wọ́, èyí tó fi áńkáṣíìfù wé sínú báàgì. Ó ní kí Ìyá Oníbàlúùnù fi íápíìsì há etí, kó sì gbé ọwọ́ sókè bó bá tún ń gbọ́ bàlúùnù náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ kọ́ìlì náà, díẹ̀díẹ̀, ó ń wo obìnrin náà láti òkè. Nígbà tó ṣe, Ìyá Oníbàlúùnù gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè. Kò sọ̀ ọ́ kalẹ̀ mọ́. Ó dúró bẹ́ẹ̀ bí ọmọ iléèwé tó mọ ìdáhùn, títí bàlúùnù fi bẹ́.

Alábẹ̀wò dé bí wọ́n ṣe ń kó irinṣẹ́ nílẹ̀. Àbúrò mi sọ gbogbo rẹ̀ fún un, lójú obìnrin náà: pé kòtò tó jìn yẹn ló mú ariwo wá, pé ilé-iṣẹ́ àwọn ló ṣe é, pé Ọ̀gá purọ́ fún un, pé ìyá yìí kò ṣẹ̀. Ó ní bí òun ṣe ń sọ̀rọ̀, òun rò pé ọkùnrin náà á bínú sí Ọ̀gá. Ọkùnrin náà ń wo ojú ẹ̀rọ ìwọ̀n. Kòtò kò jìn mọ́.

“Èyí tí mo buwọ́ lù kọ́ nìyí,” ó sọ. “Ẹ dá a padà bó ṣe wà kí ẹ tó lọ.”

Àbúrò mi bi í pé ìyá yìí ńkọ́. Ó ní ọ̀rọ̀ ìyẹn ti parí. Ó yọ áńkáṣíìfù, ó tẹ̀ ba, ó nu ẹrẹ̀ kúrò lórí bàtà rẹ̀, ó ṣẹ́ áńkáṣíìfù náà po, ó sì fi nu ẹnu. Àbúrò mi ní nígbà náà ló yé òun pé ọkùnrin yìí kò fẹ́ mọ̀. Bí òótọ́ bá jáde, òun náà ló máa dáhùn ìdí tó fi gbà wọ́n wọlé. Ó sàn lójú rẹ̀ pé kí obìnrin kan lọ jókòó lábẹ́ ilé.

Àbúrò mi kò dá a padà. Ó ti àpótí náà pa, ó kí Ìyá Oníbàlúùnù, ó lọ.

Ọ̀gá pè é sínú yàrá kékeré. Ó ti bọ́ ìbọ̀sẹ̀, ó ń gé èékánná ẹsẹ̀ sórí bébà kan, àwọn tó já sí kéékèèké sì ń ta kiri orí tábìlì. Alábẹ̀wò ti pè é lórí fóònù.

“O lọ dójú tì mí níta.”

“Ọ̀gá, wọ́n fẹ́ gbé ìyá yẹn kúrò lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ nítorí tiwa.”

“Wọn ò lé e. Wọ́n kàn ń gbé e lọ sí ibòmíràn ni.”

“Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ibi tó dákẹ́ ni kí n kọ́kọ́ wá. Ẹnu yín ni mo ti gbọ́ ọ, sà. Ohun tó ń rí mi lára jù nìyẹn. Bó bá jẹ́ ẹni tí kò mọ̀ ló ṣe é, kì bá tí rí mi lára tó báyìí.”

Ọ̀gá kò bínú. Bó bá bínú ni, àbúrò mi ní ì bá sàn. Ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ó gbá èékánná náà jọ sọ́wọ́, ó sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi í pé kí ni ó ń fẹ́. Bí wọ́n ṣe ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀ ló ṣe sọ ọ́. Àbúrò mi ronú pé bí òun bá kó ọ̀rọ̀ yìí lọ sí ibi tó ga, yóò fà títí, Ìyá Oníbàlúùnù á ti pẹ́ lábẹ́ ilé, bàlúùnù á ṣì máa sọnù, òjò á sì máa bá àwọn èèyàn lójijì. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí ìyá yẹn wà níbi iṣẹ́ rẹ̀. Kí wọ́n fún òun láyè láti fi wáyà sí ẹsẹ̀ tìráńsítọ̀ náà, òun á ṣe èyí tí kòtò rẹ̀ á jìn tó sì máa dákẹ́, wọ́n á fi pààrọ̀ ti tẹ́lẹ̀.

“Orúkọ wo la máa fún pípààrọ̀ yẹn?” Ọ̀gá bi í.

Àbúrò mi ní kó fún un lórúkọ tó bá wù ú.

“Ìtẹ̀síwájú,” Ọ̀gá sọ. “A rí ọ̀nà tó dára jù. Alábẹ̀wò á gbà bẹ́ẹ̀.” Ó na ọwọ́ sí i. Ọwọ́ tó fi gbá èékánná jọ ni. Àbúrò mi bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Ó ní nígbà yẹn, òun gbọ́ òórùn ara òun.

Ilé Màmá ló gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n lọ tó ti ṣe iṣẹ́ náà, lórí tábìlì ìdáná, nítorí kò lè fara da tábìlì ibi iṣẹ́ mọ́. Gígùn wáyà náà kò ju èékánná ọmọ ọwọ́ lọ. Ó ń gé e, ó ń jó o mọ́ ọn, ó ń wọ̀n ọ́n, ó ń tú u. Nígbà mìíràn ampilifáyà náà á súfèé títí, àbúrò mi á sì ní ajá àdúgbò gbọ́n jù ú lọ, torí pé ajá mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́. Ọjọ́ tó bára mu, mo wà níbẹ̀. Kòtò náà jìn, kò kanlẹ̀, àmọ́ ó jìn tó ohun tí ojú lè fẹ́. Ó wọn ariwo, ó tún un wọ̀n. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ sí ibi tó dákẹ́ jù lọ. Mo ní ó kú iṣẹ́. Ó dìde lọ fọ ọwọ́. Ó fọ̀ ọ́ pẹ́.

Màmá wò ó láti ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ àti ọyún àwọn èèyàn tí àwọn kò mọ̀ rí ni àwọn fi ọwọ́ kó ní gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ àwọn, ó sì máa ń lọ.

“Tiyín máa ń ṣí, Màmá,” àbúrò mi dá wọn lóhùn.

Wọ́n pààrọ̀ àwọn àpótí náà. Bàlúùnù kò sọnù mọ́. Ìyá Oníbàlúùnù wà lórí òkè rẹ̀, wọn ò gbé e lọ ibìkan, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún un pé kó má bínú, àwọn kan níbi iṣẹ́ rẹ̀ sì ṣì gbà pé òun ló ń ba bátìrì jẹ́ tẹ́lẹ̀, pé wọ́n kàn ṣàánú rẹ̀ ni. Alábẹ̀wò gba ìyìn pé ó rí i dájú pé wọ́n tún ẹ̀rọ ṣe. Ẹlẹ́nu-Dùn ń sọ fún àwọn oníbàárà tuntun pé ilé-iṣẹ́ tiwọn kì í dúró lójú kan. Irọ́ náà ti mọ́ tónítóní. Kò sí àbàwọ́n kankan lára rẹ̀ mọ́ tí ẹnikẹ́ni lè nawọ́ sí, iṣẹ́ ọwọ́ àbúrò mi ló sì bò ó.

Ó fi ibẹ̀ sílẹ̀ láìdágbére. Ẹ̀mú rẹ̀ nìkan ló mú. Ó ń ṣiṣẹ́ báyìí níbi tí wọ́n ti ń ṣe rédíò fún àwọn ọkọ̀ ojú omi, ó ní omi ẹ̀rọ ibẹ̀ ń yọ, ọ̀gá ibẹ̀ sì máa ń kanlẹ̀kùn kó tó wọlé.

Láìpẹ́ yìí, èmi àti òun jọ lọ sí báǹkì. A wà lórí ìlà nígbà tí ẹnì kan pè é ní Elétíọfẹ́ láti ẹ̀yìn. Ọ̀gá ni, òun àti ọkùnrin kan tó wọ kóòtù. Ó ti sanra. Ó gbá ọwọ́ àbúrò mi mú sáàárín ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, kò fi í sílẹ̀, ó ń fi àtàǹpàkò pa á, ó sì ń sọ fún ọkùnrin náà pé ọmọ iléèwé òun nìyí, ọmọ tí òun fi ọwọ́ ara òun tọ́ dàgbà nínú iṣẹ́, pé ampilifáyà tí gbogbo àwọn tó ń wo ojú ọjọ́ ń lò lónìí, àwọn méjèèjì ló jọ ṣe é.

Mo wo àbúrò mi. Mo ń retí ohun tó máa sọ, kí n lè fi tèmi lé e.

“Ẹ ṣeun, sà,” ó ní. “Ẹ kí ìyàwó yín fún mi.”

Nígbà tí a wọ bọ́ọ̀sì, ó gbé ọwọ́ náà lé orúnkún, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sókè, ó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára aṣọ rẹ̀, bí ẹni tó ń bá ẹlòmíràn gbé nǹkan. Inú bí mi. Mo ní kí ló ń dúpẹ́ fún, lọ́wọ́ ẹni bẹ́ẹ̀, lójú gbogbo èèyàn.

“Torí pé òótọ́ ló sọ, ẹ̀gbọ́n mi,” ó dá mi lóhùn. “A jọ ṣe é ni.”